Ìlẹ̀kẹ̀ Lórí Òfin

A ti sábà máa ń rò pé ohun tí a bá kọ sórí ìwé nìkan ni a lè kà. Iṣẹ́ ọnà kan láti Kánádà wà tó tako èrò yìí.

Nadia Myre, ọmọ ẹ̀yà Algonquin, mú ojú ewé 56 nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Indian Act, òun àti àwọn tó lé ní 200 sì to ìlẹ̀kẹ̀ bò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun dípò lẹ́tà, pupa dípò àlàfo. Ọdún 2002 ni iṣẹ́ náà parí.

Òfin ọdún 1876 yìí ni ìjọba Kánádà fi pinnu ẹni tó ń jẹ́ "Indian" àti bí wọn yóò ṣe máa ṣàkóso ara wọn. Obìnrin tó bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe "Indian" pàdánù orúkọ yẹn, títí di 1985. Láti 1927 sí 1951, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n dáwó gba lọ́yà nítorí ilẹ̀ wọn láìgba àṣẹ ìjọba.

Àwọn kan á ní ìlẹ̀kẹ̀ kò pa òfin rẹ́. Òótọ́ ni, òfin náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Niagara, ní 1764. Nígbà tí William Johnson, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn onílẹ̀ ṣàdéhùn, ìgbànú ìlẹ̀kẹ̀ wampum ni wọ́n fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí a kọ́ ló ń kà á, bí ẹni tó mọ àrokò ṣe ń ka owó ẹyọ. Ìhà méjèèjì ló jọ ṣe àdéhùn. Ìhà kan ṣoṣo ló kọ òfin 1876. Lójú tèmi, Myre fi èdè àdéhùn bo èdè àṣẹ mọ́lẹ̀ ni.

Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀, à ń béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí. A kì í sábà béèrè ẹni tó láṣẹ láti túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tí òfin sọ lórúkọ láìbi wọ́n léèrè mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń náni.

Nítorí náà, mo rò pé kò yẹ ká máa kọ́ àrokò bí ìtàn àtijọ́ tí a ń sáré kọjá. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ bí àkọsílẹ̀ tó lè di ènìyàn méjì mọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Bí a bá ní kìkì lẹ́tà ni ẹ̀rí, ẹni tó kọ́kọ́ mú gègé ni yóò máa jàre.