"Mísíteèkì Ni": Aṣọ Tí A Fi Ń Bo Ẹ̀bi

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́nu àwa ará ìlú ńlá ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí á wá èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú wọn, èyí tí kì í sinmi láàárọ̀ tí kì í sinmi lálẹ́, "mísíteèkì" ni yóò gbégbá orókè. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ fún ọ ní ṣéńjì tó dín, o pè é padà, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, mísíteèkì ni." Télọ̀ fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ ọdún rẹ: mísíteèkì ni. Bánkì yọ owó tí ìwọ kò mú nínú àkáǹtì rẹ: mísíteèkì ni. Wọ́n gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ sọ́run: mísíteèkì ni. Ọlọ́pàá tó dúró lójú títì yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ: mísíteèkì ni, wọ́n ní ìbọn ló ṣèèṣì yìn.

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti orí ṣéńjì títí dé orí ẹ̀mí ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ẹ̀yin náà ti rí àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní ìgò kan péré ń wo orí fífọ́, ó ń wo inú rírun, ó ń wo ibà, ó tún ń fún àgàn lọ́mọ. Kí ni a máa ń sọ nípa irú wọn? A ó ní gbájú-ẹ̀ ni. Kí ló dé tí a kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ tó ń wo gbogbo ẹ̀bi sàn lẹ́ẹ̀kan náà?

KÍ NI Ọ̀RỌ̀ NÁÀ WÍ GAN-AN?

N kò bá ọ̀rọ̀ náà jà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, bí ènìyàn bá lò ó síbi tó yẹ kí ó lò ó. Àwọn tó ń wádìí orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé láti inú èdè àwọn Norse àtijọ́ ní àríwá Yúróòpù ni wọ́n ti rí i. "Mistaka" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. "Taka" ni kí ènìyàn mú nǹkan. "Mis" tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ó ṣì í mú. Ẹ ò rí i? Àṣìmú ni! Ohun tí ìyá àgbà tí kò dé ọ̀nà ilé-ìwé rí ń pè ní àṣìmú náà ni òyìnbó ń pè ní mísíteèkì.

Ẹ jẹ́ kí á fi bàtà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ lọ sí òde ìnáwó, iná kú, gbogbo ènìyàn ń wá bàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹ wá wọ bàtà ẹlòmíràn lọ sílé. Àṣìmú nìyẹn, mísíteèkì sì ni. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ẹ rí i pé kì í ṣe tiyín, ẹ gbé e padà. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé kì í ṣe tiyín, tí ẹ wá kùn ún, tí ó ń dán, tí ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tí ẹni tó ni ín wá dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ má sọ fún un pé mísíteèkì ni. Olè ni.

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí ẹsẹ̀ bá gbá igbá omi dànù láìròtẹ́lẹ̀, èèṣì ni. Bí a bá gba ọ̀nà tí kò yẹ, a ṣìnà. Bí a bá gbọ́ ohun tí a kò sọ, a ṣì í gbọ́. Àṣìṣe ni gbogbo èyí. Bí ènìyàn bá mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe, tí ó wá ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, àìbìkítà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún un tí kò gbọ́, àfojúdi ni. Bí ó bá ṣe é kí ó lè jèrè nínú rẹ̀, jìbìtì ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà nílé, àwa ni a kó wọn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí a lọ yá ẹyọ kan ṣoṣo, torí pé ẹyọ kan náà kò ta ẹnikẹ́ni lára.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ ÀṢÌṢE

Àṣìṣe tòótọ́ kì í mọ ojú ẹnìkan. Bí ó ti ń pa ẹni tó ṣe é lára náà ni ó ń pa ẹlòmíràn. Ẹ ronú kan kọ̀ǹdọ́kítọ̀ wa yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣì í ní ìṣirò, ó yẹ kí ó máa fún èrò ní ṣéńjì tó lé nígbà mìíràn. Mélòó nínú yín ni wọ́n ti fún ní ṣéńjì tó lé láti oṣù tó kọjá? Mísíteèkì tó jẹ́ pé àpò ẹnìkan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo mọ́tò ní Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Bí dírẹ́bà tó ti ń gba ọwọ́ òsì láti ìgbà èwe rẹ̀ bá ṣì í gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ta ni yóò pè é ní ọ̀daràn? Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún 1973, owó náà yí padà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, sílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Bí ìyá aláta bá ṣì í kà, ó lè pàdánù, ó sì lè jèrè. Ojú ń dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ọwọ́ òsì lójú títì lónìí, tó sì ní mísíteèkì ni, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.

ÈYÍ TÓ TÓBI JU ṢÉŃJÌ LỌ

Ẹ jẹ́ kí á gòkè díẹ̀. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Gowon, tí owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò, wọ́n ra sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ ètò ààbò nìkan ra nǹkan bí 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Èbúté Èkó nígbà náà kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Nígbà tó di 1975, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ti tò sójú òkun Èkó bí ìgbà tí èrò tò sí ìdí kànga tó gbẹ. Ọkọ̀ tó dúró ń gbowó ìdádúró lójoojúmọ́, omi òkun sì ń sọ sìmẹ́ńtì di òkúta nínú àpò. Nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed dé, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí lónìí, ẹ ó gbọ́ kí ẹnìkan mi orí kí ó ní, "Mísíteèkì ńlá ni ìjọba ṣe nígbà náà." Mísíteèkì kẹ̀! Ẹni tó ní agbada gaàrí kan ṣoṣo nílé kò ní ra ogún àpò ẹ̀gẹ́ kí ó ní òun fẹ́ dín gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi ọ̀kan pín ogún. Ìwé ni wọ́n fọwọ́ sí, ẹnìkan ló kọ ọ́, ẹnìkan ló sì gba owó rẹ̀. Nígbà tí a bá pè é ní mísíteèkì, gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn ti di mímọ́ nìyẹn.

Ẹ̀mí ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfuurufú ológun wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno, ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2023, dúróònù àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa pa ènìyàn tó lé ní 80 ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Mọ́lúdù. Wọ́n ní àṣìṣe ni. N kò sọ pé ẹni tó tẹ bọ́tìnnì jí láàárọ̀ pẹ̀lú èrò láti pa aláìṣẹ̀. Bóyá ó ṣì wọ́n mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kí ó wádìí ibẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn, ǹjẹ́ ó wádìí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó ṣí ìbéèrè ni a fi ń ti ilẹ̀kùn.

ÀṢÌṢE TÁLÁKÀ, MÍSÍTEÈKÌ ỌLỌ́LÁ

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bí ó bá fi síṣọ́ọ̀sì ṣì í gé aṣọ, àṣìṣe tòótọ́ nìyẹn, torí pé ó ń kọ́ ọ ni. Ẹ wo ohun tí ojú rẹ̀ ń rí! Ìgbátí, "olódo," "ọmọ àlè." Ọmọ ọ̀dọ̀ tó fọ́ àwo, a ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bóyá àjẹ́ ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó iṣẹ́ ọ̀nà di àwátì lọ́wọ́ ènìyàn ńlá, a ó ní àkọsílẹ̀ ló ní mísíteèkì díẹ̀. Ẹni tó ṣe àṣìṣe ń jẹ ìyà olè. Ẹni tó jalè ń jẹ ìdáríjì àṣìṣe. A ti pín ọ̀rọ̀ náà fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí aṣọ ọrùn wọn ti ṣe tó.

Mo sì ń gbọ́ kí ìyá tàbí bàbá nawọ́ sí ọmọ tiwọn kí wọ́n fẹ̀rín sí i pé, "Mísíteèkì lèyí, a ti ní kí á dáwọ́ dúró." Ọmọ náà dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń sọmọ ní orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ kò sọ ọmọ kankan ní Àṣìṣe rí. Bí ọmọ bá dé láìròtẹ́lẹ̀, ètò tiyín ni kò pé. Ọmọ kò ṣì í wá.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé, "Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?" Kò sí. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí á jẹ́ kí ẹlẹ́tàn ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí gbájú-ẹ̀ bá ti fi mísíteèkì bọ́ lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹni kọkànlá tó ṣe àṣìṣe tòótọ́ ni a ó lù. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mísíteèkì tiwa yìí kì í kúnlẹ̀ rárá. Ó ń dúró ṣánṣán, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń retí kí ẹ ní "kò burú."

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún sọ fún yín pé mísíteèkì ni, ẹ má bínú, ẹ má sì tíì ní kò burú. Ẹ bi í pé: ọwọ́ ta ni? Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Kí lo fẹ́ fi tún un ṣe, ìgbà wo sì ni? Ẹni tó ṣe àṣìṣe yóò dáhùn, torí pé òun náà ń wá bí yóò ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí inú yóò bí sí ìbéèrè yín, ẹ ti mọ ohun tó ṣe. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, ní Yorùbá, kí ó gbọ́ dáadáa.