Gbèsè Ẹnìkan, Ìtìjú Igba Ènìyàn: Ẹ̀yáwó Orí Fóònù àti Ẹ̀tọ́ Wa sí Àṣírí

Ó ti di ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, láti Ìbàdàn títí dé Ṣakí, kí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ṣàdédé rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé àwọn ọlọ́pàá ń wá a, pé kí òun tètè kìlọ̀ fún un kí ó san owó tí ó yá. Nígbà mìíràn wọn a fi àwòrán onítọ̀hún sí i, wọn a kọ “ọ̀daràn” gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń ta aṣọ lọ́jà lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nípa oníbàárà tí ó rà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kò mọ aláṣọ yìí rí. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀, inú fóònù ẹlòmíràn ni ó sì ti kó o.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe èyí, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó bá yá owó gbọ́dọ̀ san án, kò sí ohun tí a ó kọ níhìn-ín tí ó tako ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà gba gbèsè náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kì í sì í ṣe ẹ̀tọ́ onígbèsè nìkan ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó oògùn ni ó sábà máa ń lé ènìyàn dé ìdí àwọn áàpù wọ̀nyí. Báńkì yóò béèrè onídùúró, yóò béèrè ohun ìní, yóò sì ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Áàpù kò béèrè ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀, owó yóò sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni pé kí a jẹ́ kí òun wo àkójọ nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù, kí òun wo àwòrán, kí òun ka àtẹ̀jíṣẹ́, kí òun mọ ibi tí a wà. Ẹni tí ìdààmú bá kò ráyè ka èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì ti parí. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni orúkọ ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, pásítọ̀ tàbí ìmáàmù rẹ̀, àna rẹ̀ àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ti lè wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan tí kò mọ ibi tí ó wà. Bí ọjọ́ sísan bá sì pé, tí ó máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì péré fún àwọn kan nínú wọn, àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ni ohun ìdógò. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe wúrà. Ènìyàn ni a fi dógò.

Àwọn baba wa náà mọ bí a ṣe ń fi ìtìjú gba gbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàpèjúwe àṣà dídógò nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Bí owó bá di èyí tí apá olówó kò ká mọ́, a ó rán ológò lọ sí ilé onígbèsè. Yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìẹ jẹ, títí ìnira náà yóò fi kan gbogbo agbo ilé tí wọn yóò sì wá owó náà rí. Ẹnìkan lè sọ pé ohun kan náà ni àwọn ayánilówó orí fóònù ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ológò ní ojú. Gbogbo àdúgbò ni ó rí i, wọ́n sì mọ ẹni tí ó rán an wá. Agbo ilé tí ó jókòó tì sì jẹ́ àwọn ènìyàn tí ẹrù ara wọn wà lọ́rùn ara wọn. Ẹni tí ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ìbanilórúkọjẹ́ lónìí kò ní ojú, ó sì lè fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ láàárọ̀ kí ó fi òmíràn ránṣẹ́ lálẹ́. Àwọn tí ó ń dà láàmú kì í ṣe agbo ilé kankan, àfi pé nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù kan náà.

Kí ni òfin wí? Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí ó dá àjọ NDPC sílẹ̀ lábẹ́ òfin. (Dátà tí òfin ń wí kì í ṣe èyí tí à ń rà láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì o, ohunkóhun tí a lè fi dá ènìyàn kan mọ̀ ni: orúkọ, nọ́ńbà, àwòrán, àdírẹ́sì, àbájáde àyẹ̀wò ìṣègùn.) Òfin náà sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbára lé ìyọ̀ǹda láti gba dátà, òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé a yọ̀ǹda fún un, dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó yọ̀ǹda lónìí sì lè yí i padà lọ́la.

Níbí gan-an ni àwáwí àwọn ayánilówó ti já. Wọ́n a ní oníbàárà ni ó tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”. Kí a tilẹ̀ gbà fún wọn pé ó mọ ohun tí ó ń tẹ̀. Ara tirẹ̀ ni ó lè yọ̀ǹda. Kò sí ẹni tí ó fún un ní àṣẹ láti yọ̀ǹda fún igba ènìyàn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ayálégbé kan kò ṣe lè fi kọ́kọ́rọ́ yàrá gbogbo ará ilé lé àjèjì lọ́wọ́ nítorí pé òun ni ó ṣí géètì. Ìgbà tí ẹnìkan fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ lè pè é ni ó ṣe fún yín. Lójú tèmi, bí a bá mú kókó yìí dání, ìdajì àríyànjiyàn ti parí.

Ìjọba àpapọ̀ kò ká ọwọ́ gbera. Ní oṣù kẹjọ 2021, kí òfin tuntun tó jáde, àjọ NITDA fi owó ìtanràn náírà mílíọ̀nù 10 lé Soko Loan lórí títẹ àṣírí àwọn ènìyàn lójú. Ní oṣù kẹta 2022, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún náà, FCCPC gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù keje 2025, ó tún gbé òfin tí ó le ju ìyẹn lọ kalẹ̀, tí ìtanràn rẹ̀ lè tó náírà mílíọ̀nù 100. Google pàápàá kéde ní 2023 pé áàpù ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ wọ inú àkójọ nọ́ńbà tàbí àwòrán oníbàárà mọ́.

Kí ló wá dé tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò tíì dáwọ́ dúró? Ìdí kan ni pé ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ni òfin ń tètè bá. Nígbà tí FCCPC fi ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 220 lé Meta, tí ó ni WhatsApp, ní oṣù keje 2024, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn oníbàárà, ilé ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí ìtanràn ọ̀hún ní oṣù kẹrin 2025. Ńlá ni Meta, ṣùgbọ́n ó ní àdírẹ́sì, ó ní lọ́yà, ó ní orúkọ tí kò fẹ́ kí ó bàjẹ́. Ayánilówó tí ń pààrọ̀ orúkọ áàpù rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù, tí kò tilẹ̀ sí nínú ìsọ̀ Google, tí ó ń fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ẹ tẹ ibí kí ẹ gba owó, òun ni ó ṣòro mú. Ẹ̀sùn àwọn ará ìlú ni ó lè tọ́ka ibi tí ó wà, àwọn tí ìwà yìí ṣẹlẹ̀ sí kì í sì í fẹjọ́ sùn nítorí ojú ń tì wọ́n.

Òfin yìí kò yọ ìjọba sílẹ̀. Ilé ìwòsàn, ilé-ìwé, ìjọba ìbílẹ̀ àti gbogbo ọ́fíìsì tí ń gba ẹ̀dà ìwé NIN ará ìlú ni ó dè. Bí dátà bá jò lọ́nà tí ó lè pa ẹ̀tọ́ ènìyàn lára, wákàtí 72 péré ni ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní láti fi tó NDPC létí. Nígbà náà, kí ni a ó sọ nípa orúkọ àti nọ́ńbà àwọn olùbéèrè iṣẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri? Kí ni a ó sọ nípa ìwé àtijọ́ tí ọ́fíìsì tà fún oníwèé àlòkù, tí orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ènìyàn sì wá wà lára ohun tí a fi dì ẹ̀pà àti àkàrà? Ayánilówó tí ń fi fóònù ṣe jàǹdùkú fi ìkà ṣe tirẹ̀. Àìbìkítà ni tiwa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé àkàrà kò ní rí ìyàtọ̀.

Ẹni tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe fi í sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kankan, kódà bí ó bá jẹ́ láti fi bú àwọn tí ó fi ránṣẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ kí ó tàn kálẹ̀. Kí ó ya àwòrán ojú fóònù náà, kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí NDPC àti FCCPC. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ òun ni ó yá owó; nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọ́n lò láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó ń rò ó láti yá owó, kí ó kọ́kọ́ wo àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí FCCPC fọwọ́ sí lórí ìkànnì àjọ náà. Èyí tí ó bá sì ní dandan ni kí òun wo àkójọ nọ́ńbà kí òun tó yá a lówó, kí ó fi í sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá ti san gbèsè tán, tí àwọn sì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, ó parí. Kò parí. Orúkọ tí wọ́n ti dà kọ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Abala 34 nínú òfin 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa yín, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́ nígbà tí wọn kò bá ní ìdí tí ó bófin mu mọ́ láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rí pé ẹ ti san owó náà pamọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ẹ̀sùn tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí NDPC.