Àjà Orí Ààrò Kì Í Ṣe Ilé Ẹ̀tù

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu, ẹ̀rù kan náà ni ó máa ń ba àgbà ọdẹ àti ọdẹ tuntun: kí ẹ̀tù má baà rin. Ẹ̀tù dúdú kì í tètè bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní gbígbẹ. Ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó sì gbiná bí ẹni pé àná ni wọ́n pò ó. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní salpêtre, èyí tí ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, a máa yọ́ nínú omi, a sì máa ya ara rẹ̀ kúrò lára èédú àti imí-ọjọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ sá irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ sí oòrùn, kì í bọ̀ sípò bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ ti kọ̀ níwájú ìmàdò kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún un.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé ẹ̀tù sí àjà lókè ààrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo irúgbìn. Èéfín tí ó ń gba àgbàdo lọ́wọ́ kòkòrò, wọ́n ní yóò gba ẹ̀tù lọ́wọ́ omi. Ó sì ń gbà á lóòótọ́. Àmọ́ lábẹ́ àjà yẹn ni ìyá àwọn ọmọ ti ń dáná, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń yáná ní àkókò ọyẹ́, ìgbà mìíràn sì wà tí gálọ́ọ̀nù epo kpayo máa ń wà ní ìdí ògiri. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó gbé ẹ̀tù sí orí iná ńkọ́?

Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ka gbígbẹ àti ààbò sí ohun kan ṣoṣo. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tí ó mú ẹ̀tù gbẹ dáadáa gan-an ni ó mú kí ó múra tán láti jó.

Àwọn kan yóò sọ pé àdó ẹ̀tù kan kì í ṣe ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ti ọmọ ogun. Òótọ́ ni. Nígbà tí iná dé ibi tí wọ́n kó àdó olóró sí ní àgọ́ ológun Ìkejà, ní Èkó, ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ń sá lọ nínú òkùnkùn tí wọ́n kó sínú odò Òkè-Àfà. Kétu kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìlú Bata, ní Guinée Équatoriale, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 2021, súnmọ́ Kétu ju bí ènìyàn ti rò lọ. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú níbẹ̀. Ààrẹ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé àìbìkítà àwọn tí ń tọ́jú ohun ìjà ni ó fà á, àti iná tí àwọn àgbẹ̀ fi sun oko ní itòsí. Ta ni kò mọ iná oko ní Kétu? Ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, kò tilẹ̀ sí ọmọ ogun kankan nínú ọ̀rọ̀ náà: gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni wọ́n kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé láàárín àdúgbò.

Kí ẹ̀tù lè gbẹ, ohun tí wọ́n fi dé e ni kí wọ́n gbára lé, kì í ṣe iná. Àdó tàbí kẹ́ẹ̀gì oníke tí ó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ ṣe rẹ́gí, dára. Agolo irin kò dára, nítorí pé irin lè ṣáná. Kí wọ́n gbé e sínú àpótí igi tí ó ní àgádágodo, kí àpótí náà wà lórí pákó, kí ó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri tí ń sun omi. Àwọn àpò kékeré oníhóró tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí ọ̀pọ̀ ń jù nù, a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra: ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì nínú àpótí ni ààyè wọn, kì í ṣe àárín ẹ̀tù. Ẹ̀tù tí ó bá sì ti rin, kí wọ́n rì í sínú omi púpọ̀, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Kò sí ẹran tí ó tó ohun tí wọ́n lè pàdánù nídìí yíyá a níná.

Ní ti ìjọba, ìwé àṣẹ ìbọn ni wọ́n máa ń béèrè. Àdéhùn CEDEAO tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní oṣù kẹfà ọdún 2006 sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè yóò ṣe máa tọ́jú ohun ìjà wọn. Ibi tí ẹ̀tù bàbá ọlọ́dẹ ń sùn, ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ. Olúọ́dẹ tí ó bá pàṣẹ, wọn yóò gbọ́ ọ ju ọlọ́pàá lọ. Ilé alámọ̀ kékeré kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀yìn ìlú, tí a fi páànù bò, tí a ro gbogbo àyíká rẹ̀ kí iná oko má baà dé ibẹ̀: kò ju iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ọjọ́ mélòó kan lọ. Ọdẹ kì í fẹ́ kí ẹ̀tù rẹ̀ jìnnà sí i, ó sì ní ìdí. Nítorí náà kí ìwọ̀nba tí yóò lò wà nílé lábẹ́ àgádágodo, kí ìyókù wà lọ́hùn-ún. Ojú ewé kan nínú ìwé tí àwọn àgbàlagbà fi ń kọ́ Yorùbá kíkà yóò tó láti kọ èyí sílẹ̀ fún wọn.

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ kò sì tíì mú kí koríko gbẹ, ìgbà yẹn ni ó dára jù láti gbé ẹ̀tù sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní àjà.