Ẹni tí ó gbé Ògùṣọ̀ Ìdílé, kí ó Sọ ti Ilẹ̀ Pẹ̀lú

Láti 1956 ni àwọn àtọmọdọ́mọ Sìkọ́tíláńdì ti ń ṣe àjọ̀dún ní Grandfather Mountain, ní North Carolina ti Amẹ́ríkà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan a pa àgọ́ tirẹ̀. Ní alẹ́, aṣojú rẹ̀ a gbé ògùṣọ̀ jáde, a sì pe orúkọ ìdílé náà sókè. Ohun iyì ni, nítorí òfin 1746 ti ka irú aṣọ wọn yẹn léèwọ̀ fún ọkùnrin ilẹ̀ òkè títí di 1782.

Ṣùgbọ́n kí ni aṣojú ń sọ fún ọmọdé tí ó yà sí àgọ́ rẹ̀? Aṣọ àti ogun nìkan kò tó. Ta ni ó lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ìdílé? Àwọn olórí ìdílé fúnra wọn wà nínú rẹ̀, nítorí pé èrè àgùntàn wọ̀ wọ́n lójú ju ọmọ ìyá wọn lọ. (Baálé náà ni, ẹ gbọ́!) Aṣojú tí ó bá bo èyí mọ́lẹ̀, baálé ni ó ń ṣojú fún. Ní Strathnaver, ní 1814, wọ́n dáná sun ilé àwọn àgbẹ̀. Patrick Sellar, tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà, dé kóòtù ní 1816; kóòtù dá a láre. Ó di 1886 kí òfin tó sọ pé àgbẹ̀ tí ń san owó ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé lé bẹ́ẹ̀ mọ́.