Yàrá Kan àti Pálọ̀ ní Bronx

 

Àlájà kan tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York láti ọjọ́ pípẹ́ kọ̀wé sí mi pé òun rí ilé kan tí wọ́n ń tà ní Bronx: yàrá kan àti pálọ̀, ní àdúgbò tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, tí igi wà lẹ́bàá títì. Owó rẹ̀ kò ga tó ti àwọn ilé mìíràn tí òun ti wò. Ó ti kó owó náà jọ pérépéré, kí òun má baà yá owó èlé. Ó ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ilé náà, pé kí n bá òun ṣe àdúà sí i.

Àdúà kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń ṣe àdúà sí, nítorí èmi fúnra mi kò tètè mọ̀ ọ́n. Mo ní láti bèèrè.

Ẹni tí ó bá ra irú ilé yìí kò ra ilé. Ẹgbẹ́ ni ó ni ín láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ìpín nínú ẹgbẹ́ ni a ń rà, pẹ̀lú ìwé tí ó fún wa láṣẹ láti máa gbé inú yàrá kan pàtó. Ó jọ agbo ilé wa: yàrá ẹni ni, ṣùgbọ́n a kò lè dá a tà fún àjèjì kí olórí ẹbí má gbọ́. Níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ilé dìbò yàn ni ó dúró bí olórí ẹbí. Wọn yóò yẹ owó oṣù ẹni àti gbèsè ẹni wò, wọn yóò pe ènìyàn jókòó, wọ́n sì lè kọ̀. Àmọ́ òfin kò gbà kí wọ́n kọ ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Kí Àlájà wé ìborùn rẹ̀ lọ, kí ó má fòyà.

Ètò náà kò burú. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ irú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní New York ni àwọn ará Finland tí ó wà ní Brooklyn. Ní 1916 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ ní Alku, ìyẹn Ìbẹ̀rẹ̀.

Owó oṣooṣù ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ìyá wa rò pé bí òun bá ti sanwó, ó parí. Kò parí. Oṣooṣù ni yóò máa san owó fún ẹgbẹ́: owó orí ilé fún ìjọba, owó ohun tí ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, owó àwọn tí ń gbálẹ̀, àti gbèsè tí ẹgbẹ́ bá jẹ báńkì lórí gbogbo ilé náà. Gbèsè yìí ní èlé nínú. Ẹni tí ó sá fún èlé lẹ́nu ọ̀nà, èlé lè gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ ọ́.

Owó náà sì lè fò sókè. Ní Bronx yẹn kan náà ni Co-op City wà, ilé ibẹ̀ lé ní 15,000. Nígbà tí gbèsè tí wọ́n fi kọ́ ọ mú kí owó oṣooṣù ga, àwọn ará ibẹ̀ kọ̀, wọn kò san án fún oṣù 13, láti 1975 wọ 1976. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ tiwọn ni wọ́n ń kó owó náà pamọ́ sí.

Nítorí náà, Àlájà, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ hàn yín. Èló ni wọ́n jẹ? Ìgbà wo ni wọn yóò san án tán? Ǹjẹ́ owó wà nípamọ́ bí òrùlé bá ń jò? Ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrátúl-Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni. N kò ní pè é ní hàláàlì tàbí háráámù láìrí ìwé. Ẹ gbé e lọ bá àlùfáà tí ó mọ òfin ibẹ̀, kí lọ́yà náà kà á.

Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín pé ẹ ó máa wá sílé fún oṣù mẹ́fà lọ́dún, tí ẹ ó sì fi ayálégbé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọbìnrin yín bá sì jogún rẹ̀ lọ́la, ìgbìmọ̀ lè ní kí òun náà wá jókòó níwájú àwọn kí ó tó wọlé. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí mi. Àdúà náà ń bẹ lọ́wọ́ mi.