Rẹ́síìnì Kì Í Gbẹ

Kí-hódà 40 ni a fẹ́ ṣe fún ọ̀sẹ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá. 17 péré ló ṣeé fún èèyàn. 23 yòókù wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn bí tọ́ọ̀fì tó ti wà lápò láti àárọ̀. Owó tí a dá jọ ló bá a lọ, mo sì mọ àwọn tí kò tíì dárí jì mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lè jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ti wọ̀ lórí jù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi ná. Ọ̀rọ̀ kan ló bá iṣẹ́ wa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "gbẹ".

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a rí i pé wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, a pe ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́ náà. (A sanwó kíláàsì o, kì í ṣe ọ̀fẹ́.) Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò gbẹ." Wọ́n ní, "Ẹ sá a sóòrùn. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ pò, ẹ fi hardener kún un kó lè tètè gbẹ." A sá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Eruku ló bà lé e. Èyí tí a fi hardener kún tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Aṣọ ń gbẹ, èlùbọ́ ń gbẹ, nítorí pé omi inú wọn ń fò lọ. Epoxy kò ní omi tó fẹ́ fò lọ. Igo méjì ni: rẹ́síìnì wà nínú ọ̀kan, hardener wà nínú èkejì, ìgbà tí méjèèjì bá so mọ́ra ni wọ́n ń di ohun líle. Ṣe ló ń dì, bí mọ́ínmọ́ín ṣe ń dì lórí iná. Kò sì sẹ́ni tó ń sá mọ́ínmọ́ín tí kò dì sóòrùn. Ohun tí màmá mi máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé omi rẹ̀ kò pọ̀ jù? Ṣé o pò ó dáadáa?"

Ká ní àwa náà bèèrè bẹ́ẹ̀ ni, à bá ti rí àṣìṣe wa. Wọ́n kọ ọ́ sára igo pé ife 2 rẹ́síìnì sí ife 1 hardener. Àwa gbé e lé òṣùwọ̀n kíṣìnnì, a ń ka gíráàmù. Rẹ́síìnì wúwo ju hardener lọ, nítorí náà 2 sí 1 lórí òṣùwọ̀n kì í ṣe 2 sí 1 nínú ife. Hardener wa ti pọ̀ jù kí wọ́n tó ní ká tún fi kún un. Kì í ṣe iyọ̀ tí a ń bù sí i bó bá ṣe wù wá. Èyí tí kò bá rí rẹ́síìnì so mọ́, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa rọ̀. Àwọn 17 tó dára, ọmọ ẹ̀ka kẹ́mísírì tó wà ní yàrá kejì ló fi ife oògùn ikọ́ wọ̀n wọ́n.

Bó bá jẹ́ pé ojú kan ló rọ̀ tí ibi yòókù le, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n mọ́, a kò rò ó dáadáa ni. Ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí a máa ha ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ife, kí a dà á sínú ife mìíràn, kí a tún rò ó. Ti afẹ́fẹ́ tó ń há sínú rẹ̀ kò le: ẹ gbé igo rẹ́síìnì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó pò ó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú mọ́ọ̀dù.

Ẹnìkan yóò ní òun sá tòun sóòrùn, ó sì le. Mo gbà. Ooru ń mú kó yára dì, pàápàá lóru ọyẹ́, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti pé. Ooru ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe gbígbẹ. Ooru yìí kan náà ló fà á tí èyí tí a bá pò púpọ̀ sínú ife kan fi ń gbóná fúnra rẹ̀, tó ń rú èéfín, tó sì lè yọ́ ife ike.

"Gbẹ" ní àyè tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Òdòdó tí a fẹ́ fi sínú rẹ́síìnì gbọ́dọ̀ gbẹ, ife gbọ́dọ̀ gbẹ, igi gbọ́dọ̀ gbẹ. Àwọn asúdẹ wa mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́: wọ́n á fi ìda ṣe àwòrán, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á wá da idẹ sí àyè rẹ̀. Amọ̀ ló ń gbẹ, idẹ ń dì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe ti kí-hódà. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣe ère ń lo polyester, rẹ́síìnì tí wọ́n fi ń ṣe fibreglass. Ìyẹn máa ń ní ohun kékeré méjì mìíràn, catalyst àti accelerator. Mo bèèrè ní ìsọ̀ kan ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹni tó ń tà á ní, "Àbúrò, méjèèjì ni oògùn tó ń mú un gbẹ." Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti da méjèèjì pọ̀ sínú ife kan? Bí accelerator tó ní cobalt bá sì pàdé catalyst ní tààrà, ó lè gbiná, ó lè bú gbàù. Inú rẹ́síìnì ni accelerator ti ń kọ́kọ́ wọlé, kí a rò ó títí yóò fi parẹ́ sínú rẹ̀, kí catalyst tó tẹ̀ lé e.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa yóò ní ọ̀rọ̀ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọpọlọ èèyàn, àti pé ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ní rẹ́síìnì òun kò "dry". Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ń yan ohun tí a máa kọ́kọ́ dán wò, ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn ni tèmi sì gbà. Mo dábàá "amúdì" fún catalyst àti "amúyá" fún accelerator, kí ẹni tó ń tà á lè fi orúkọ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti hardener ló ṣì ń dà mí láàmú, nítorí kì í ṣe amúdì, apá kan ohun tó ń dì gan-an ni. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ bá mi wá orúkọ fún un. Mo lè fún yín ní kí-hódà kan, bẹ́ ẹ bá ní súùrù láti já a kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.