Gbòǹgbò orchid ò bẹ̀ wá fún ike tó mọ́ gaara, ojú wa ló nílò rẹ̀

 Ọ̀rọ̀ òdòdó tí wọ́n ń pè ní orchid la gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé "ṣé òdòdó la máa jẹ ni?" Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì l'Ékòó rí mọ̀ pé orchid kan tó tanná dáadáa máa ń mú owó gidi wọlé. Ohun tó ń dùn wá ni pé owó yẹn ń jẹrà mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́. Èèyàn á rà á, á tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ, kò ní pẹ́ tí ewé á fi rọ, á pọ́n, á sì já bọ́. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa ò gbà á. Irọ́ ni. Omi la fi pa á.

Ní báyìí, àwọn kan tó ń tà á ti gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Wọ́n ní ike tó mọ́ gaara, èyí téèyàn lè rí inú ẹ̀ láti ìta, ni orchid gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀ ń jẹ, àti pé bí kò bá sí nínú irú ike bẹ́ẹ̀, kò ní tanná láéláé. Wọ́n sì ń torí ẹ̀ bu owó lé e. Èrò tiwa rèé: ike yẹn dáa, àwa náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n sọ. Ojú ẹni tó ń bomi rin ín ni ike yẹn wà fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú nǹkan tí orchid jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà kì í gbé inú ilẹ̀. Orí igi ni wọ́n ń gbé nílùú wọn. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Orchid kì í ṣe àfòmọ́ o. Àfòmọ́ máa ń wọ inú ẹ̀ka igi lọ fa omi mu. Orchid ní gbòǹgbò tirẹ̀, èèpo igi ló kàn ń dì mú, kì í jí nǹkan kan jẹ lára igi. Òjò tó bá rọ̀ á rin ín, atẹ́gùn á sì tún gbẹ ẹ́. Bó ṣe ń gbé nìyẹn: kó rin, kó gbẹ, kó tún rin. Gbòǹgbò tó bá wà nínú omi ní gbogbo ìgbà ò rí atẹ́gùn mí, ó máa jẹrà ni.

Kì í ṣe nǹkan òyìnbó nìkan náà. Orchid pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ansellia africana, òdòdó ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ní àmì dúdú tóótòòtó bí ara ẹkùn. Orúkọ John Ansell ni wọ́n fi sọ ọ́, ọkùnrin tó bá àwọn òyìnbó ìrìnàjò Odò Ọya wá ní ọdún 1841, tó sì rí i ní erékùṣù Fernando Po. Ẹ wo ohun tí gbòǹgbò òun ń ṣe: díẹ̀ nínú wọn á dìde sókè bí abẹ́rẹ́, wọ́n á hun ara wọn bí apẹ̀rẹ̀, ewé igi tó bá já bọ́ á dúró síbẹ̀, á jẹrà, á sì di oúnjẹ fún un. Gbòǹgbò tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá fẹ́ lọ rì í mọ́ inú yẹ̀pẹ̀ dúdú?

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gbòǹgbò ló kù. Nǹkan funfun kan bò ó lára, ó dà bíi kànrìnkàn. Bí omi bá kàn án, á fà á mu kíákíá, á wá mọ́ gaara, àwọ̀ ewé tó wà nínú á yọ síta. Bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á kún inú ẹ̀, á padà di funfun bí eérú. Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn:

Bó bá tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, tó sì le, ó ti yó. Ẹ má bomi rin ín.
Bó bá funfun bí eérú, tó sì le, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ fún un lómi.
Bó bá di àwọ̀ ilẹ̀, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣá, ó ti jẹrà.
Bó bá fẹ́ẹ́rẹ́, tó gbẹ bí okùn, òǹgbẹ ti pa á.
Bí omi bá sì ṣì ń kán tótó lára ike láti inú, ẹ fi sílẹ̀, àsìkò omi ò tíì tó.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Nínú ìkòkò dúdú, ta ló máa rí gbogbo èyí? Àwa náà ṣe àṣìṣe yìí. Bí a ṣe ń bomi rin ẹ̀fọ́ láràárọ̀ la ṣe ń bomi rin orchid. Ewé ẹ̀ rọ, a rò pé òǹgbẹ ni, a tún da omi sí i. Ìgbà tí a tú u jáde la rí i pé kò ku gbòǹgbò kan. Ewé tó rọ lè jẹ́ òǹgbẹ, ó sì lè jẹ́ pé gbòǹgbò tó yẹ kó gbé omi lọ ti jẹrà. Ewé ò lè sọ èwo ni fún yín. Gbòǹgbò ló lè sọ ọ́.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí gbòǹgbò tó ní àwọ̀ ewé máa ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ?" Òótọ́ ni, ó máa ń sè é díẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé ló ń se èyí tó pọ̀. A ti rí orchid tó wà nínú ìkòkò amọ̀ tó ní ihò, tó sì ń tanná. Ní Thailand, inú apẹ̀rẹ̀ lásán ni wọ́n ń so Vanda kọ́ sí, kò sí ìkòkò rárá. Bó bá ti rí atẹ́gùn, tó rin, tó gbẹ, kò bìkítà nípa àwọ̀ ike. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kún owó torí ike, ẹ rántí pé owó ojú yín lẹ ń san, kì í ṣe owó òdòdó.

Owó ọ̀hún gan-an, kò yẹ kó pọ̀. Ike omi onílítà kan àbọ̀ tí wọ́n ń jù sójú títì, ẹ gé e láàárín, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ti parí. Kí ihò pọ̀ o. Ike tó mọ́ gaara tí kò ní ihò, kànga ni.

Kí la máa kó sínú ẹ̀? Ibi tí Àgbádárìgì ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ nìyí. Èèyàn ń ra èèpo igi tó ti òkè òkun wá, nígbà tí èèpo àgbọn kún ilẹ̀ wa, tí a ń fi dáná. Ẹ gé èèpo àgbọn tó gbẹ wẹ́wẹ́, kó tó orí àtàǹpàkò. Ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀ o! Iyọ̀ wà nínú èèpo àgbọn, pàápàá èyí tó wà létí òkun. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 24, ẹ da omi náà nù, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ da èédú wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí atẹ́gùn lè máa ráyè kọjá.

Iyọ̀ yẹn náà ni kẹ́ẹ ṣọ́ nínú omi. Kànga tó sún mọ́ òkun, omi ẹ̀ lè níyọ̀. Bí ẹnu gbòǹgbò bá ń dúdú, tí nǹkan funfun sì ń lẹ̀ mọ́ èèpo àgbọn, iyọ̀ tàbí fátiláísà tó pọ̀ jù ni. Omi òjò ló dáa jù, ẹ gbé bàsíà sábẹ́ páànù. Fátiláísà náà, ẹ pò ó kó ṣàn dáadáa, ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ti tó.

A ò ní fi àléébù ike yìí pamọ́. Oòrùn tó bá kọlù ú tààrà á sè gbòǹgbò bí ìgbà téèyàn ń se ìgbín. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ nẹ́ẹ̀tì dúdú ni kó wà. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ bí ara kànga tún lè hù sínú ẹ̀. Kì í pa òdòdó, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún yín pé omi ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Phalaenopsis, èyí tí òdòdó ẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá, máa ń fẹ́ kí òru tutù díẹ̀ kó tó yọ igi òdòdó. Ooru òru etí òkun wa lè dí i lọ́wọ́. Ẹ máa retí ẹ̀ ní àsìkò òjò tó ń tutù àti àsìkò ọyẹ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn oríṣi Dendrobium kan àti Vanda fara da ooru jù ú lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún oníbàárà pé ike ló máa mú un tanná. Oníbàárà tí ẹ tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: ẹ má lọ máa họ orchid igbó kúrò lórí igi torí pé ẹ ti ní ike. Wọn kì í tètè dàgbà, ọ̀pọ̀ ló máa kú kí ẹ tó tà á. Gbogbo orchid ló sì wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, Nàìjíríà sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé orchid igbó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá láìní ìwé àṣẹ, wàhálà ló ń wá. Èyí tí ẹ ti ní, ẹ jẹ́ kó pọ̀ sí i, kí ẹ pín in, kí ẹ tà á.

Ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbé ike omi, ẹ wo gbòǹgbò ná. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ gbé omi yẹn lọ fún ẹ̀fọ́.